Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: INÁ MÀNÀMÁNÁ KÌ Í ṢE INÁ ÌDÁNÁ

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ti ka owó tán, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja inú fírísà dìde. Wọ́n ní: “Akọ̀wé wa, ẹ jọ̀wọ́, fírísà mi ń gbé mi o. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ara mi á gbọ̀n rìrì. Àwọn ọmọ ní kí n máa wọ bàtà kí n tó ṣí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?”

Mo ní: “Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí oníná yóò fi wá wò ó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ó ti ń gbé mi, n kò sì kú.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Ìdí tí n kò fi lè rín ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé wa ti oṣù yìí, kí ó lè di ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọ̀kan nínú wa ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin ní àdúgbò wa níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pé ogún ọdún. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé páìpù irin gígùn kan dúró láti fi gbé pátákó ìpolówó ró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Orí páìpù náà kan wáyà gíga tí ó kọjá lókè. A gbọ́ ariwo “gbàà!”, ọmọ náà sì balẹ̀ gbì.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ti jókòó, ó ń sọ̀rọ̀. Egbò méjì péré ni a rí: ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bí owó kọ́bọ̀, ọ̀kan ní àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo wa ń ṣọpẹ́. Ẹnìkan fi epo pupa pa á lára. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín: èmi akọ̀wé yín ni mo sọ pé kí wọ́n lọ ra mílíìkì fún un kí ó mu, kí wọ́n sì mú un lọ sílé kí ó sinmi. Mo rò pé ìwé tí mo kà tó láti mọ èyí.

Ní ọjọ́ kejì, apá rẹ̀ wú, ó le gbagidi bí igi, ìka rẹ̀ sì tutù. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ó ti pẹ́. Wọ́n gé apá náà láti ìgbọ̀nwọ́, kíndìnrín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Ó yè é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń kọ́ṣẹ́ kò sí mọ́. Bàbá rẹ̀ yá owó nínú ẹgbẹ́ yìí, èmi náà ni mo sì kọ ìwé owó yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ojú ewé náà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ mílíìkì yẹn ni mo máa ń rántí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn dókítà àti àwọn oníná tí ó mọṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

BÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ ṢE Ń JÓ ÈNÌYÀN

Iná ìdáná tàbí omi gbígbóná a máa jó ènìyàn láti òde wọ inú. Ohun tí a fi ojú rí ni ó jó. Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba ibì kan wọlé sí ara, ó sì máa ń wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ sí ilẹ̀. Ibi tí ó ti wọlé àti ibi tí ó ti jáde lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́ tàbí bí owó ẹyọ. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ ibi rẹ̀ wà.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀jẹ̀ àti àwọn iṣan ara máa ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Eegun kì í gbà á tìrọ̀rùn, nítorí náà eegun ni ó máa ń gbóná jù. Ẹran tí ó lẹ̀ mọ́ eegun á wá máa jinná nínú, bí ẹran tí a sè nínú ìkòkò tí a dé ní ìdérí. Ẹni tí ó wà lóde rò pé kò sí nǹkan.

Fólítì ni agbára tí ń ti iná, bí omi inú táǹkì tí ó wà lókè ṣe ń ti omi ẹ̀rọ. Iná inú ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 sí 240 fólítì. Iná oníwáyà mẹ́ta tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń lò jẹ́ nǹkan bí 415. Wáyà gíga tí ń lọ sí ìdí tíránsífọ́mà jẹ́ 11,000 tàbí 33,000 fólítì. Èyí tí ó bá ti tó 1,000 fólítì sókè ni àwọn dókítà ń pè ní iná ńlá. Ṣùgbọ́n iná inú ilé náà ń pa ènìyàn.

Bí ìṣàn iná tí ó gba ara kọjá bá tó ìdá 1 nínú 1,000 ámpìà, ara á kàn rìn wá. Bí ó bá tó 10 sí 20 nínú 1,000, ọwọ́ á ká mọ́ wáyà, ẹni náà kò ní lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá tó 50 sí 100 nínú 1,000 tí ó sì gba àyà kọjá, ọkàn lè dàrú kí ó sì dúró. Gúlóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 60 wáàtì ń fa 250 nínú 1,000 ámpìà. Ìyẹn ni pé iná tí ó tan gúlóòbù kan tó láti pa ju ènìyàn kan lọ. Awọ tí ó gbẹ máa ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀. Awọ tí ó tutù ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Màmá wa ẹlẹ́ja, bàtà tí ẹ wọ̀ ni ó ń gbà yín. Lọ́jọ́ tí omi yìnyín bá rin ín, tàbí tí ẹ bá gbàgbé wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni iná yìí ń gbà jó ènìyàn:

(1) Kí ó gba inú ara kọjá, bí mo ti ṣàlàyé.
(2) Kí ó bú láti ara wáyà kan fò sí òmíràn, kí ooru rẹ̀ jó ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó wà nítòsí. Èyí wọ́pọ̀ lára ẹni tí ń ki fúùsì bọ kọ́táòtù nígbà tí iná wà.
(3) Kí ìtapàrà iná ran aṣọ, kí aṣọ gbiná.
(4) Kí àrá sán pa ènìyàn. Àrá pẹ̀lú, iná mànàmáná ni.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á LÁÀÁRÍN WA

Iná mànàmáná dé Èkó ní 1896. A bá ECN pàdé ní 1950, ó di NẸ́PÀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ní ìparí ọdún 2013 ni BEDC sì gba pípín iná ní Èkìtì. Orúkọ ń yí padà ṣùgbọ́n ìwà iná kò yí padà.

(a) Ṣọ́ọ̀bù abẹ́ wáyà gíga. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2017, ní ìlú Calabar, àwọn ọ̀dọ́ péjọ sí ilé ìwòran láti wo bọ́ọ̀lù Manchester United àti Anderlecht. Wáyà gíga já lu òrùlé ilé náà. Ó kéré tán, ènìyàn 7 ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì jóná. Kì í ṣe pé wọ́n fọwọ́ kan iná. Iná ni ó wá bá wọn. Ẹ gbójú sókè wo ohun tí ó wà lórí ìsọ̀ yín.

(b) Irin gígùn: páìpù, àkàbà irin, òpó tẹlifíṣọ̀n, àti irin tí a fi ń já màǹgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà.

(d) Ẹ̀rọ tí kò ní wáyà ilẹ̀. Bí fírísà, ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìfami bá ń gbé ènìyàn, iná ti jáde sí ara irin rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà ilẹ̀ gbà. Ara ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ni yóò fi ṣe ọ̀nà.

(e) Kí á yọ fúùsì kí á fi wáyà tàbí ìṣó dípò rẹ̀, tàbí kí á to púlọ́ọ̀gì bíi mẹ́fà sórí ìdí kan ṣoṣo.

(ẹ) Kí á so jẹnẹrétọ̀ mọ́ iná ilé láìní súwíìṣì tí ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ á padà gba tíránsífọ́mà lọ sórí wáyà òde, á sì di iná ńlá. Òṣìṣẹ́ tí ó gun òpó láti bá wa tún iná ṣe ni yóò pa.

(f) Kí ẹni tí kò mọṣẹ́ gun òpó lọ so iná, pàápàá iná jíjí.

(g) Ọmọ kékeré tí ń fi ẹnu jẹ wáyà tàbí tí ń fi ìṣó tọ ojú ihò púlọ́ọ̀gì.

ABURÚ TÍ Ó MÁA Ń TẸ̀LÉ E

Ọkàn lè dúró lójú ẹsẹ̀, tàbí kí èémí dúró. Èyí ni ó ń pa ènìyàn jù lójú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọkàn mìíràn kì í dúró, ṣùgbọ́n á máa lù ségesège.

Ẹran ara tí ó jinná nínú á tú oró rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Oró yìí ni ó ń sọ ìtọ̀ di dúdú tàbí pupa rúsúrúsú, òun náà ni ó ń dí kíndìnrín pa. Ẹran tí ó jóná a sì máa wú. Ibi tí ó wà há, nítorí náà wíwú náà á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, apá tàbí ẹsẹ̀ á sì kú. Ohun tí ó ṣe ọmọ wa nìyẹn. Ìrora tí ó ju bí egbò ti tó lọ, apá tí ó le, ìka tí ó tutù tàbí tí ó kú tipiri, àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí.

Eegun lè ṣẹ́, èjìká sì lè yẹ̀, yálà nítorí ìṣubú tàbí nítorí pé iná fa iṣan tipátipá. Ojú lè fọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kí ẹyinjú di funfun, èyí tí à ń pè ní kàtàráàtì. Ọwọ́ lè kú tipiri. Àìsùn, ìbẹ̀rù àti ìgbàgbé lè bá ẹni náà fínra fún ọjọ́ pípẹ́. Aboyún tí iná gbé gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára, nítorí ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ tí ó fi ẹnu jẹ wáyà, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàdédé tú ní igun ètè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà. Kí ìyá rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: kí ó fi ìka méjì fún ibẹ̀ mọ́ra, kí ó sì gbé e sáré lọ.

OHUN TÍ A Ó ṢE LÓJÚ ẸSẸ̀

1. Ẹ má fọwọ́ kan ẹni tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òkú kan máa ń di méjì nítorí ìfẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti ìdí mítà tàbí kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀.

2. Bí iná ilé bá ni, tí kò sì ṣeé pa, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tàbí ike gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ má lo irin tàbí ohun tútù.

3. Bí wáyà gíga bá ni, igi gbígbẹ kò gba ènìyàn. Ẹ dúró jìnnà tó ìgbésẹ̀ 15 ó kéré tán, ẹ lé àwọn èrò sẹ́yìn, kí ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n pa á. Ilẹ̀ tí wáyà já sí pàápàá ní iná. Bí ẹ bá ti wà nítòsí rẹ̀, ẹ má sáré. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà.

4. Nígbà tí iná bá ti kúrò, ẹ wò bóyá ó ń mí. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì lórí ara wọn tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ìnṣì 2, kí ó yá, ìtẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n á fẹ́ èémí 2 sí i lẹ́nu lẹ́yìn ìtẹ̀ 30. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí ó máa tẹ àyà nìkan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

5. Bí ó bá já láti òkè, ẹ má yí ọrùn rẹ̀ káàkiri.

6. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ kí ara tó wú. Ẹ da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú egbò fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ bò ó.

7. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí egbò rẹ̀ ti wù kí ó kéré tó.

Ẹni tí àrá bá sán lù, kò sí iná kankan mọ́ lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àwọn àgbà ní èèwọ̀ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrá dá dùbúlẹ̀ lè má tíì kú. Èémí rẹ̀ ni ó dúró. Bí a bá tètè tẹ àyà rẹ̀, ó lè dìde. Kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ná, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín tàbí òróró ọkọ̀ sí ojú egbò. Wọ́n ń pa ooru mọ́ ara, wọ́n ń gbé ìdọ̀tí wọnú egbò, wọn kì í sì í jẹ́ kí dókítà rí i dáadáa. Mílíìkì kì í pa oró iná. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àǹfààní kankan nínú kí á gbẹ́ ilẹ̀ kí á ri ènìyàn mọ́ iyanrìn kí iná lè jáde lára rẹ̀. Iná ti jáde lọ. Ohun tí ó bàjẹ́ sẹ́yìn ni ó kù.

ÌTỌ́JÚ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Wọn yóò fi ẹ̀rọ ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tí iná ńlá gbé, tàbí ẹni tí ó dákú, wọ́n lè dá a dúró fún wákàtí 24 kí wọ́n máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Ẹ má bá wọn jà pé “ara rẹ̀ ti yá.” Wọn yóò fa omi púpọ̀ sí i lára, wọn yóò sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá dúdú, omi yóò pọ̀ sí i kí ó lè fọ oró kúrò nínú kíndìnrín. Wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Bí apá bá ń wú tí ó ń le, wọ́n lè la awọ àti ohun tí ó bo ẹran ní ọ̀bẹ láti dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ á rí i, ẹ̀rù á bà á. Kí ó jọ̀wọ́ gbà fún wọn: lílà yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gé apá, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ni ó wúlò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa gé ẹran tí ó ti kú kúrò, wọ́n sì lè ré awọ láti itan wá bo ojú egbò. Ẹni náà gbọ́dọ̀ máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, kí oríkèé má baà ká pa.

Ní Adó níbí, a ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí ọ̀ràn bá ju tiwọn lọ, wọ́n lè darí aláìsàn sí UCH ní Ìbàdàn tàbí Igbóbì ní Èkó, níbi tí àwọn dókítà tí ń tún ara ṣe wà. Ẹ mú un lọ tààrà.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í ṣe fún owó yíyá nìkan. Mo fẹ́ mú àbá mẹ́ta wá sí ìpàdé:

Èkínní, kí á gba oníná kan tí ó níwèé ẹ̀rí, kí ó yẹ ṣọ́ọ̀bù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò, kí á sì jọ san owó rẹ̀.

Èkejì, kí á ka wáyà ilẹ̀, súwíìṣì jẹnẹrétọ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ti jò tó ìdá 30 nínú 1,000 ámpìà, mọ́ ohun tí a lè yáwó pàjáwìrì fún. Owó wọn kò tó ìdá kékeré nínú owó ìtọ́jú apá kan.

Ẹ̀kẹta, bí a bá rí wáyà tí ó rọ̀ wálẹ̀ tàbí òpó tí ikán ti jẹ, kí á kọ ìwé lórúkọ ẹgbẹ́ sí àwọn oníná, kí á sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan, NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó ààbò iná. Ohùn ẹnìkan lè má dé etí wọn. Ohùn ẹgbẹ́ á dé ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí egbò kékeré fi lè já sí apá gígé?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí iná ilé gbé àti ẹni tí wáyà gíga gbé?
3. Ibo ni wọ́n ti ń pa iná ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ṣé ọmọ tí ń bá yín tajà mọ ibẹ̀?

Màmá wa ẹlẹ́ja, mo gbọ́ pé ẹ ti pe oníná, ó sì ti fi wáyà ilẹ̀ sí fírísà yín. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìgbọ́ràn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi ni ejò bù jẹ. Ẹ̀yin tí kò tíì bù jẹ, ẹ bá mi sá o.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
AKỌ̀WÉ